Màmá Táípù àti Ẹranko Tó Sọ Orúkọ Rẹ̀ Nù

Ṣọ́ọ̀bù Arábìnrin Ọláṣùmbọ̀ Adégbìtẹ́ wà ní Àgbowó, láàárín ẹni tó ń tún fóònù ṣe àti ẹni tó ń ta búrẹ́dì. Ẹ̀rọ fótókọ́pì méjì ló wà níbẹ̀, kọ̀ǹpútà mẹ́ta, àti ẹ̀rọ kan tí wọ́n fi ń dìwé. Màmá Táípù ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń pè wọ́n. Ó ti di ọdún mẹ́tàdínlógójì tí wọ́n ti ń tẹ iṣẹ́ àṣekágbá ẹlòmíràn, tí orúkọ ẹlòmíràn sì ń wà lójú ewé àkọ́kọ́.

Ẹnì kan ló sọ fún mi ní ọ́fíìsì ìwé ìròyìn wa ní Dùgbẹ̀ pé obìnrin kan wà ní Àgbowó tó ń bá àwọn òyìnbó kọ ìwé atúmọ̀ èdè, pé kò sì sí ẹnikẹ́ni láyé tó ń sọ èdè náà. Mi ò gbà á gbọ́. Irú ìròyìn bẹ́ẹ̀ pọ̀ nílùú yìí. Lóṣù tó ṣáájú, wọ́n rán mi lọ wo ọkùnrin kan ní Challenge tó ní omi lásán lòun ń rọ sí jẹnẹrétọ̀ òun. Mo dúró di ọjọ́rọ̀, jẹnẹrétọ̀ náà kò húkọ́ pàápàá.

Ṣùgbọ́n nígbà tí mo wọ ṣọ́ọ̀bù Mama, mo rí bébà ńlá kan lára ògiri. Wọ́n fa ilà sí i lóròó àti níbùú, wọ́n sì fi ọ̀rọ̀ kún inú àwọn ihò tó wà láàárín: medvědь, medvědi, medvědьmi. Ìràwọ̀ kékeré kan wà níwájú ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn.

"Béárì ni," Mama wí, láì gbójú kúrò lára ohun tí wọ́n ń tẹ̀. "Ẹranko ńlá onírun yẹn, tó ń gbé inú igbó òtútù. Ọmọ ìjọ Aládùúrà kan wọlé níjelòó, ó ní ṣé ẹ̀mí ló fi èdè náà hàn mí. Mo ní rárá, ilé ìwé ni."

"Kí ni ìràwọ̀ yìí wà fún, mà?"

"Ó ń jẹ́wọ́. Ó ń sọ pé kò sí ẹni tó rí ọ̀rọ̀ yìí nínú ìwé kankan rí."

"Ẹ ń kọ àlàyé lórí ọ̀rọ̀ tí ẹnikẹ́ni kò rí rí?"

Ẹ̀rín bú jáde láti ṣọ́ọ̀bù kejì. Luqman ni, ọkùnrin tó ń tún fóònù ṣe, ẹni ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n, tí etí rẹ̀ kì í kúrò ní ṣọ́ọ̀bù Mama. "Ẹ bá mi bi wọ́n o! Ọdún kan rèé tí èmi náà ti ń bi wọ́n!"

"Luqman, fóònù tó wà lọ́wọ́ rẹ ni kí o mójú tó." Mama yí àga wọn sí mi. "Ará Èkìtì ń pe ilé ní kí ni?"

"Ulé, mà."

"Iṣẹ́ ńkọ́?"

"Uṣẹ́."

"Ó dáa. Ká ní kò sí ẹni tó kọ Yorùbá sílẹ̀ rí. O ṣì lè to ulé àti ilé sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, kí o mú ti Oǹdó àti ti Ìjẹ̀bú kún un, kí o wá bi ara rẹ pé báwo ni ìyá àwọn ọ̀rọ̀ yìí ṣe rí. Ohun tí à ń ṣe náà nìyẹn. Medved ni àwọn ará Rọ́ṣíà ń pe béárì, medvěd ni àwọn ará Czech ń pè é. Àwọn ará Poland ti sọ m iwájú di n, ṣùgbọ́n ọmọ ìyá kan náà ṣì ni. Gbogbo wọn ń tọ́ka sí ìyá kan tó ti kú láti bí ẹgbẹ̀rún ọdún kan àti ààbọ̀. Èdè ìyá yẹn ni à ń rò padà."

Mo bi wọ́n pé kí ló dé tí ẹranko kan ṣoṣo fi gba odindi ògiri. Mama ní ajá ni ajá ń jẹ́ lẹ́nu tiwa, ì báà jẹ́ òun ló gé ni jẹ, ì báà jẹ́ òun la lù. Nínú èdè yẹn, ọ̀rọ̀ orúkọ máa ń pàrọ̀ ìrù bí iṣẹ́ rẹ̀ bá ti yí padà. Bí béárì bá ń sáré, medvědь. Bí o bá fún un ní nǹkan, medvědi. Bí ẹ bá jọ ń rìn, medvědьmь. Ọ̀nà méje ló pín sí, ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn sì tún ní ti ẹyọ kan, ti méjì géérégé, àti ti ọ̀pọ̀. Mo ka ihò mọ́kànlélógún. Mo tún rí i pé àwọn kan jọra wọn, mo sì sọ ọ́.

"Ọ̀lẹ ni àwọn ìrù náà," Mama wí. "Ọ̀kan lè ṣiṣẹ́ ẹni mẹ́rin."

Èyí tó kàn ló mú kí n fa àga jókòó. Wọ́n ní medъ ni oyin lédè yẹn, pé ìdajì kejì ọ̀rọ̀ náà sì wá láti ara jíjẹ. Ajẹ-oyin ni wọ́n ń pe béárì. Ó bójú mu, nítorí béárì fẹ́ràn oyin. Ṣùgbọ́n orúkọ rẹ̀ gan-an kọ́ nìyẹn. Béárì ti ní orúkọ kan tó dàgbà jù bẹ́ẹ̀ lọ. Àwọn Gíríìkì pa á mọ́, àwọn ará Róòmù àtijọ́ náà pa á mọ́. Lẹ́nu àwọn baba ńlá Rọ́ṣíà àti Poland, kò sí i mọ́ rárá.

"Ohun tí ọ̀pọ̀ onímọ̀ gbà ni pé wọ́n bẹ̀rù láti pè é," Mama wí. "Wọ́n rò pé tí àwọn bá dárúkọ ẹ̀, á gbọ́, á sì wá. Wọ́n ń pè é ní Ajẹ-oyin títí wọ́n fi bí àwọn ọmọ tí kò mọ orúkọ àkọ́kọ́ mọ́."

"Ta ló gbọ́ ọ lẹ́nu wọn, mà?"

Mama ṣí lẹ́tà kan lórí kọ̀ǹpútà, wọ́n sì yí ojú rẹ̀ sí mi. Ìbéèrè tí mo bi wọ́n gẹ́lẹ́ ló wà nínú rẹ̀.

Lọ́dún 1982, nígbà tí Ọláṣùmbọ̀ jẹ́ ọmọ ọdún mọ́kànlélógún, ó rí ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ gbà láti lọ kàwé ní Sofia, lórílẹ̀-èdè Bulgaria. Ìmọ̀ ìṣègùn ló fẹ́ kà. Kí ó tó débẹ̀, ààyè ìṣègùn ti kún. Wọ́n ní èyí tó kù ni ìmọ̀ àwọn èdè Slav, ìyẹn èdè Bulgaria, ti Rọ́ṣíà àti àwọn ọmọ ìyá wọn. Ó ní òun sunkún lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́. Nígbà tó di ọdún kejì, ó ti ń jí ní àárọ̀ kùtùkùtù láti lọ jókòó níwájú nínú kíláàsì. Olùkọ́ rẹ̀ kan, bàbá arúgbó tó máa ń wọ kóòtù onírun àgùntàn wọ inú kíláàsì, ní etí Ọláṣùmbọ̀ dára ju ti gbogbo àwọn yòókù lọ, nítorí láti kékeré ni etí ọmọ Yorùbá ti ń gbọ́ ìyàtọ̀ ohùn tí àwọn òyìnbó kì í gbọ́.

Ó padà dé lọ́dún 1988. Kò sí ibi tí wọ́n ti ń wá irú ẹni bẹ́ẹ̀. Ilé iṣẹ́ kan ní Ring Road bi í bóyá ó lè kọ lẹ́tà sí àwọn ará Rọ́ṣíà. Wọ́n gbà á fún oṣù mẹ́rin, wọ́n sì ti ilé iṣẹ́ náà pa. Ọkọ rẹ̀, olóògbé báyìí, ra ẹ̀rọ ìtẹ̀wé kan fún un kí ó lè máa fi gbọ́ bùkátà díẹ̀díẹ̀. Ẹ̀rọ náà ṣì wà lórí kọ́bọ́ọ̀dù, wọ́n fi láílọ́ọ̀nù bò ó.

Mo bi wọ́n bóyá wọ́n kábàámọ̀. Wọ́n ní mo ti jìnnà sí iṣẹ́ tí mo bá wá.

Lọ́dún tó kọjá ni ọmọ wọn, Ìrẹ̀mídé, rí ìkéde kan lórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Àwọn kan ní ìlú kékeré kan lórílẹ̀-èdè Czech ń kó ìwé atúmọ̀ kan jọ fún èdè àtijọ́ náà, wọ́n sì ń wá ẹni tó lè ràn wọ́n lọ́wọ́ láìgba owó. Òfin wọn le. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni wọ́n ń fi dán ènìyàn wò. Ẹ̀ẹ̀mejì péré lo lè fi í ránṣẹ́. Bí wọ́n bá gbà á, orúkọ rẹ á wà lábẹ́ ọ̀rọ̀ náà, wọ́n á sì máa fún ọ ní òmíràn. Bí wọ́n bá kọ̀ ọ́, ó parí. Ìwé tó bá sì kàn ń tún ohun tí àwọn ìwé àtijọ́ ti sọ sọ, wọn kì í gbà á.

Béárì ni wọ́n fún Mama. Oṣù márùn-ún ni wọ́n fi kọ ojú ewé mẹ́ta. Àwọn ìrù mọ́kànlélógún pé, kò sí àṣìṣe. Ohun kan ṣoṣo tó jẹ́ tuntun nínú rẹ̀ ni ìpínrọ̀ ìkẹyìn. Ibẹ̀ ni Mama ti kọ ọ́ pé ó dájú pé ìbẹ̀rù ló mú kí wọ́n fi orúkọ ẹranko náà pamọ́, nítorí àwọn Yorùbá kì í pe ejò lórúkọ bí ilẹ̀ bá ti ṣú. Okùn ni wọ́n ń pè é.

Ọ̀gá wọn níbẹ̀, obìnrin kan tó ń jẹ́ Ludmila, dá a padà. "Ta ló sọ bẹ́ẹ̀?" ló kọ. "Níbo? Ọjọ́ wo? Ẹni tó kọ ìwé kò lè jẹ́ ẹlẹ́rìí ara rẹ̀. Mú ẹlẹ́rìí wá kí ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ kẹtàdínlógún oṣù Kẹwàá tó parí, tàbí kí o yọ ọ́."

Bí wọ́n bá yọ ọ́, kò sí nǹkan tuntun kankan tó ṣẹ́kù nínú ojú ewé mẹ́ta náà. Ọjọ́ mẹ́sàn-án ló kù lọ́jọ́ tí mo débẹ̀.

"Ẹ̀yin fúnra yín ńkọ́?" mo bi wọ́n. "Ṣé ẹ rí i kí wọ́n ṣe é?"

"Ní Àpáta, lọ́dọ̀ ìyá àgbà. Mo pariwo orúkọ ẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ kan, wọ́n gbá mi lẹ́nu. Mo ṣì ń rántí bí òrùka ọwọ́ wọn ṣe bà mí." Wọ́n fọwọ́ kan ètè. "Ṣùgbọ́n ẹlẹ́rìí kọ́ ni mí."

Òótọ́ ni mo sọ fún wọn: mo rò pé àṣà náà ti kú. Mama náà ti fi ọ̀sẹ̀ kan bi àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó ń wọ ṣọ́ọ̀bù. "Ejò là ń pè é jàre, Mummy," ni gbogbo wọn ń wí. Ọ̀kan tiẹ̀ ní ibi tí iná wà kọ́ ni wọ́n ti ń bẹ̀rù ejò.

Luqman ló ní kí a wá bá bàbá òun. Bàbá Hàrúnà jẹ́ ẹni ọdún mọ́kàndínlọ́gọ́rin. Nígbà tí wọ́n wà lọ́dọ̀ọ́, wọ́n ṣọdẹ fún ogún ọdún, kí wọ́n tó wá ń gbé lọ́dọ̀ Luqman ní Apete, níbi tí igbó etí odò ṣì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ògiri ilé. "Ṣùgbọ́n mo ti ń sọ fún yín, Mama," Luqman wí, "ẹ ò ní rí nǹkan kan. Ta ló tún ń bẹ̀rù orúkọ láyé táa wà yìí? Ṣé ejò ní fóònù tí ẹ fẹ́ pè ni?"

Àárọ̀ Sátidé ni a lọ, ní aago mẹ́sàn-án ààbọ̀, nítorí àárọ̀ ni ọmọlúàbí ń lọ kí àgbà. Mama wọ aṣọ tó dára, wọ́n ra osàn dání, wọ́n sì tẹ ìbéèrè méjìlá sórí bébà. Mo tan ẹ̀rọ ìgbohùnsílẹ̀ inú fóònù mi. Bàbá wo fóònù náà, wọ́n tún fìlà wọn dé, wọ́n sì jókòó dáadáa.

"Bàbá, ṣé ẹ lè pe ejò lórúkọ?"

"Kí ló máa dá mi dúró? Ejò! Paramọ́lẹ̀, ọká, sèbé, òjòlá. Èwo lẹ fẹ́?"

"Lálẹ́ ńkọ́, sà? Ṣé ẹ máa ń fi orúkọ mìíràn pè é?"

"Ọlọ́run Ọba ló ń ṣọ́ni. Àwa ò bẹ̀rù orúkọ nílé yìí. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀."

Luqman ń rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Mama parí ìbéèrè méjèèjìlá, wọ́n dúpẹ́, wọ́n ká bébà wọn. Ọkọ̀ gbé wa padà sí Àgbowó. Bí wọ́n ti ń sọ̀ kalẹ̀, wọ́n ní, "Màá yọ ọ́. N kì í kọ ohun tí mi ò lè fẹsẹ̀ ẹ̀ múlẹ̀." Èmi náà rò pé ìtàn mi ti parí síbẹ̀, mo tiẹ̀ ti ń ro bí màá ṣe kọ ọ́.

Safiyyah, ìyàwó Luqman, ló yí i padà. Ní ọjọ́ Ajé, ó gbé oúnjẹ ọ̀sán wá fún ọkọ rẹ̀, ó sì gbọ́ tí Mama ń sọ fún mi pé àwọn ti pa ìpínrọ̀ ìkẹyìn rẹ́.

"Mama, ẹ jọ̀ọ́, aago mélòó lẹ bi Bàbá?"

"Mẹ́sàn-án ààbọ̀ kọjá."

"Lójú oòrùn? Pẹ̀lú fóònù níwájú wọn?" Safiyyah pàtẹ́wọ́. "Ta ló ń bẹ̀rù nǹkan náà láàárọ̀? Tí wọ́n bá sì bi yín lójú àlejò ṣé ẹ̀ ń bẹ̀rù, ṣé ẹ máa ní bẹ́ẹ̀ ni? Ẹ wá nírọ̀lẹ́. Ẹ má bi ẹnikẹ́ni ní nǹkan kan. Ẹ kàn wá kí wa."

"Irọ́ ló ń pa," Luqman wí, ẹnu rẹ̀ kún fún ìrẹsì. "Mama, owó ọkọ̀ yín lẹ fẹ́ fi ṣòfò."

Ní Ọjọ́rú, ọjọ́ méjì kí àkókò pé, a padà sí Apete ní bí aago mẹ́fà. Mama kò mú bébà dání. Mo ti sọ fún gbogbo ilé pé màá tan fóònù mi sílẹ̀, wọ́n ní kò sí wàhálà. Láàárín ìṣẹ́jú mẹ́wàá, wọ́n ti gbàgbé ẹ̀ sórí àga. Bàbá kírun mùgùrùbá tán. Wọ́n mú iná lọ. A jókòó sí fáráńdà, a ń sọ̀rọ̀ òjò, ọ̀nà tó bàjẹ́, ọmọ ẹ̀gbọ́n Safiyyah tó fẹ́ ṣègbéyàwó. Ilẹ̀ ń ṣú. Kò sí ẹni tó dárúkọ ẹranko kankan, àfi ewúrẹ́ aládùúgbò tó ń jẹ ẹ̀fọ́ Safiyyah. Mo ń wo Mama. Ìbéèrè ń yí wọn lẹ́nu, ṣùgbọ́n wọ́n ń gbé e mì.

Ní aago méje ku ìṣẹ́jú mẹ́jọ, Mama dìde. Mo mọ ohun tó wà lójú wọn. Wọ́n ti gbà pé kò sí. Wọ́n kí gbogbo ilé pé ó dàárọ̀, wọ́n sì yà sí ẹ̀gbẹ́ ilé, níbi tí ọ̀nà ti yá dé ọ̀dọ̀ àwọn ọlọ́kadà. Búlọ́ọ̀kù tí wọ́n tò jọ wà níbẹ̀, koríko ti hù bò ó.

"Mama! Ẹ má gba ibẹ̀ o!" Luqman fò sọ̀ kalẹ̀ láti fáráńdà. "Okùn wà lábẹ́ búlọ́ọ̀kù yẹn! A rí i láàárọ̀ yìí!"

Mama dúró. Safiyyah fi ìborùn bo ẹnu.

"Kí lo pè é?" Mama bi í, ohùn wọn kéré gan-an.

"Ẹ̀yin náà mọ nǹkan tí mò ń wí. Ẹ máa bọ̀ lọ́dọ̀ wa níbí."

"Pè é lórúkọ, Luqman."

"Mama, ẹ jọ̀ọ́. Ilẹ̀ ti ṣú."

"Ṣé ó ní fóònù tí mo fẹ́ pè ni?"

Ìgbà yẹn ni ẹ̀rín bọ́ lẹ́nu Safiyyah. Bàbá Hàrúnà náà ń fi ọwọ́ lu ẹní tí wọ́n jókòó lé. "Luqman! Ìwọ yìí! Ìwọ tó ń rẹ́rìn-ín lọ́jọ́ Sátidé!" Wọ́n wá yíjú sí Mama. "Ẹ má dá a lóhùn jàre. Ó dáa bó ṣe ṣe é. Wọn kì í pè é. Ẹ gba iwájú ilé jáde."

"Bàbá, lọ́jọ́ Sátidé, ẹ ní ẹ kì í bẹ̀rù."

"Oòrùn wà lójú ọ̀run lọ́jọ́ Sátidé."

Mama wá sọ ohun tí wọ́n bá wá fún gbogbo wọn lẹ́ẹ̀kan sí i, wọ́n ní wọn ò ní kọ orúkọ ẹnikẹ́ni tí kò bá fẹ́. Bàbá ní kí wọ́n kọ tàwọn. Luqman ní kí wọ́n kọ tòun náà, ṣùgbọ́n kí wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé òun kò sá.

Mama tẹ ẹ̀rí náà ní ọjọ́ kejì, èmi ni mo gbọ́ ohùn inú fóònù náà tán lẹ́ẹ̀mẹ́ta kí n lè bá wọn yẹ̀ ẹ́ wò. Wọ́n kọ ibi, ọjọ́, àti aago. Wọ́n kọ ti àárọ̀ Sátidé náà síbẹ̀, bí Bàbá ṣe sẹ́ àti bí Luqman ṣe fi wọ́n rẹ́rìn-ín. Mo ní ṣé kò ní ba ẹjọ́ wọn jẹ́? Mama ní ìyẹn gan-an ló gbé e dúró: ẹnu àwọn ènìyàn sẹ́ ẹ lọ́sàn-án, ẹnu kan náà ló sì ṣe é nígbà tí ilẹ̀ ṣú. Wọ́n fi ránṣẹ́ láàárọ̀ ọjọ́ Ẹtì.

Lẹ́yìn ọjọ́ mọ́kànlá ni ìdáhùn dé. Luqman ló kọ́kọ́ rí mi nígbà tí mo ń sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀. Ó ń ju ọwọ́ láti òkèèrè. Mama jókòó síwájú kọ̀ǹpútà, gíláàsì ojú wọn wà lórí tábìlì.

Ludmila kọ ọ́ pé ẹ̀rí náà kò fi hàn pé àwọn ará igbó àtijọ́ ṣe bẹ́ẹ̀. Ó fi hàn pé ènìyàn lè ṣe bẹ́ẹ̀, kí ó tiẹ̀ máa sọ pé òun kò ṣe é. Ó ní òun ti ń ka ìwé lórí béárì fún ogún ọdún, pé ẹnikẹ́ni kò tíì mú ẹ̀rí tó ní aago nínú wá fún òun rí. Ó gbà á. Ó yí gbólóhùn kan padà: níbi tí Mama ti kọ "ó dájú", ó kọ "ó ṣeé ṣe".

"Ṣé ó dùn yín pé ó yí i?" mo bi wọ́n.

"Òun ló jàre." Wọ́n fọwọ́ nu ojú wọn. "Èmi náà ló yẹ kí n ti kọ ọ́ bẹ́ẹ̀."

Mo wo ojú ìwé náà fúnra mi, nítorí n kì í gba nǹkan gbọ́ láìrí i. Ihò mọ́kànlélógún wà lókè. Nísàlẹ̀, wọ́n kọ orúkọ àwọn ẹlẹ́rìí: Hàrúnà, ọdẹ tẹ́lẹ̀ rí, Luqman, atúnfóònùṣe, Apete, aago méje ku ìṣẹ́jú mẹ́jọ ìrọ̀lẹ́. Lábẹ́ gbogbo rẹ̀ ni: Ọláṣùmbọ̀ Adégbìtẹ́, Ìbàdàn. Mama tẹ̀ ẹ́ jáde nínú ẹ̀rọ tiwọn, ẹ̀dà mẹ́ta. Wọ́n fún Luqman ní ọ̀kan.

"Orúkọ mi ti dé Yúróòpù," ni Luqman wí, "èmi gan-an ò tíì kọjá Ṣágámù."

Akẹ́kọ̀ọ́ kan wọlé pẹ̀lú ìwé tó fẹ́ dì; Mama ní kó dúró díẹ̀. Wọ́n ń yọ bébà béárì kúrò lára ògiri, wọ́n sì ti fa ilà tuntun sórí òmíràn. Ọ̀rọ̀ kejì ti bá lẹ́tà náà wá. Myšь ni. Mo bi wọ́n pé kí ni ìyẹn.

"Èkúté," Mama wí, wọ́n sì kọ ìràwọ̀ sí ihò àkọ́kọ́.

"Ẹ̀hẹn!" Luqman pariwo láti ṣọ́ọ̀bù kejì. "Ìyẹn pọ̀ nílé wa ní Apete. Ìgbàkigbà tí ẹ bá fẹ́ lẹ lè wá, ọ̀sán tàbí òru. Kò sí orúkọ tí a ò lè fi pe ìyẹn."